Áísì tó ń bójú tó omi Ìyá Oníyán: ohun tí ojú mi rí lára HT12, PT2262 àti EV1527

Agogo márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Oníyán ni, láti Ìkẹ́rẹ́. Wọn kì í pariwo, wọn ò sì pariwo lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, omi ti kún ulé o. Mo ti pa súmò níbi mítà, àmọ́ ó ti bà nǹkan jẹ́ ná."

Mọ́tò àkọ́kọ́ tó kúrò ní Ajílósun, l'Ádó-Èkìtì, ni mo wọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀hún, ilẹ̀ ti mọ́. Omi ti gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ti wọ yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí, iṣu bí ọgọ́fà ló sì wà nínú omi tó mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń bá wọn gúnyán ti ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń gbé iṣu jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sórí àpáta kó lè gbẹ. Ìyá gbé àga fún mi kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Mi ò lè jókòó.

Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ tó ń tan súmò yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga, tó sì yẹ kó máa pa á. Kànga ẹ̀rọ wọn wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé ẹbí. Tánkì wà lókè, lórí dẹ́kìn tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ 150 ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìkẹ́rẹ́ mọ ohun tó wà láàárín. Olósùnta nìkan kọ́ ni àpáta ìlú yẹn. Àpáta wà lábẹ́ ilé, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò síbi tí èèyàn máa gbẹ́ kòtò wáyà sí tí irin ò ní ké. A kọ́kọ́ ta wáyà gba orí òpó igi, ẹ̀ka já a lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí tánkì àti súmò máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Fúlóòtù, súìṣì tó ń léfòó nínú tánkì, á sọ pé omi ti lọ sílẹ̀, rédíò á gbé e dé ìsàlẹ̀, rìlé, súìṣì tí iná kékeré ń tan tó sì ń pa, á tan súmò. Bí omi bá kún, fúlóòtù á sọ bẹ́ẹ̀, súmò á kú.

Rédíò kọ́ ló da omi sórí iṣu. Decoder tí mo yàn ni, ìyẹn áísì kékeré tó ń túmọ̀ ohun tí rédíò gbọ́. Mo ti lo oríṣi mẹ́ta báyìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkìtì, bí a bá fẹ́ ra áísì, iye owó àti iye ìṣísẹ̀ tó lè lọ la máa ń bi ẹni tó ń tà á. Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í yàtọ̀.

Fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí: pátákó rédíò kékeré méjì ni, ọ̀kan ń ránṣẹ́, èkejì ń gbọ́. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni FS1000A tó ń ránṣẹ́ àti XY-MK-5V tó ń gbọ́, lórí 433.92 MHz. Wọn ò mọ̀ ju "ìró wà" àti "ìró ò sí" lọ. Èyí tó ń gbọ́ sì ní ìwà kan. Bí kò bá sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, á máa na etí sí i, á máa na etí sí i, títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ariwo inú afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ so iná LED kékeré mọ́ ẹsẹ̀ dátà rẹ̀, ẹ máa rí i tí á máa ṣẹ́jú wàràwàrà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá so rìlé mọ́ ọn tààrà, rìlé á máa ta bí àgbàdo nínú agbada.

Ibẹ̀ ni encoder àti decoder ti wúlò. Mo máa ń sọ fún ọmọṣẹ́ mi pé àrokò ni. Láyé àwọn bàbá wa, bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, o mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ẹ jọ ara yín ni. Ẹni tí kò mọ àrokò, ẹyọ lásán ló máa rí. Encoder ni ẹni tó ń so ẹyọ sókùn: á to àdírẹ́sì síwájú, á to iṣẹ́ tí a rán an tẹ̀lé e, á sì máa tún un sọ láìsinmi. Decoder ni ẹni tó ń tú u. Bí àdírẹ́sì kò bá bá tirẹ̀ mu, á sọ ọ́ nù. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ohun tó bá a mu nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ rìlé.

HT12E (encoder) àti HT12D (decoder) ni mo kọ́kọ́ lò. Holtek ní Taiwan ló ń ṣe wọ́n, kò sì sí ọmọ poli tó kọ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tí kò tíì rí wọn nínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹnì kan. Ẹsẹ̀ 18 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ẹsẹ̀ 1 sí 8 ni àdírẹ́sì, ẹsẹ̀ 10 sí 13 ni dátà mẹ́rin. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀ 14 lára HT12E wálẹ̀, ìyẹn kẹ́ ẹ so ó mọ́ ilẹ̀ iná, á sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin ó kéré tán. HT12D ní tirẹ̀ kò ní gbà á gbọ́ àfi bó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láìyàtọ̀. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn. Ariwo inú afẹ́fẹ́ lè ṣèèṣì jọ ọ̀rọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan. Kó jọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ìyẹn ṣòro.

Rẹsítọ̀ kan ṣoṣo ló ń pinnu bí aago inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré. Fún fọ́ọ̀tì (volt) 5, 1 MΩ ni mo máa ń fi sí HT12E, 51 kΩ sí HT12D. Aago decoder gbọ́dọ̀ yára tó ìlọ́po 50 ti encoder, àwọn rẹsítọ̀ méjèèjì yìí ló sì ń mú un bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà ni pé bí fọ́ọ̀tì bá yí, aago náà á yí. Nígbà kan mo fi bátìrì fọ́ọ̀tì 9 sí ìdí encoder, mo fi fọ́ọ̀tì 5 sí ìdí decoder, mi ò pààrọ̀ rẹsítọ̀ kankan. Á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ń dá rédíò lẹ́bi fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi 78L05, tó ń mú iná dúró ní fọ́ọ̀tì 5, sí ìhà méjèèjì kí wọ́n jọ máa mu fọ́ọ̀tì kan náà.

Ohun tó dára lára HT12E ni pé ó lè ṣiṣẹ́ láti fọ́ọ̀tì 2.4 títí dé 12, àti pé bí kò bá sí iṣẹ́ tí à ń rán an, á sùn, kò ní mu bátìrì rárá débi tí mítà mi máa rí i. Fún dóòbẹ́ẹ̀lì, fún iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ iléèwé, fún bọ́tìnnì tí alábòójútó ń tẹ̀, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má rà á.

Àmọ́ àdírẹ́sì 256 péré ló ní, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójú ìwé, 256 pọ̀. Lójú títì, gbogbo wa la máa ń so ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́lẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti jó lẹ́ẹ̀dì (òjé tí a fi ń lẹ̀ wọ́n) sí ojú kan. Mo ti rí ilé méjì ládùúgbò kan ní Baṣiri tí bọ́tìnnì ọ̀kan ń lu agogo ìkejì.

Èyí tó dá mi lóró jù wà lára ẹsẹ̀ 10 sí 13 ti HT12D. Ó ń di ọ̀rọ̀ mú. Bó bá ti gbọ́ "tan", ẹsẹ̀ yẹn á dúró sókè títí ọ̀rọ̀ mìíràn tó pé á fi dé. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn ò bá dé, á dúró sókè títí ayé.

Bí ọ̀ràn alẹ́ yẹn ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, sólà kékeré tó wà lórí tánkì kò rí oòrùn. Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n fọ ìkòkò àti odó tán, omi lọ sílẹ̀. Fúlóòtù sọ ọ́, HT12E kéde rẹ̀, HT12D gbọ́, súmò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí tánkì tó kún, bátìrì òkè kú. Tánkì kún, fúlóòtù gòkè, kò sí ohùn tó máa gbé e dé ìsàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, HT12D di ọ̀rọ̀ agogo mẹ́sàn-án mú gírígírí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe. Ìwé rẹ̀ sọ ọ́ kedere, mo sì ti fojú kan ibẹ̀ láìronú lé e.

Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta decoder ni: bí ohùn bá dákẹ́, kí ni áísì yìí máa ṣe? Nínú ọ̀rọ̀ omi, ìdákẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí "pa á". Bí bátìrì kú, bí ààrá sán pa pátákó òkè, bí aláǹgbá bá já ẹ́ríà rédíò, bí ọmọdé bá yọ wáyà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ parí sí súmò tó kú, kí Ìyá wá pè mí pé omi ò yọ. Mo lè fara da ìpè yẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, lójú ẹsẹ̀, lórí àga tí wọ́n gbé fún mi, ni pé mo yọ wáyà rìlé kúrò ní ẹsẹ̀ 10, mo gbé e lọ sí ẹsẹ̀ 17. Ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní VT. Á gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ tó pé bá ń wọlé, á sì wálẹ̀ bí ohùn bá ti dákẹ́. Ẹni tó bá ti ní HT12D nílé, tó sì fẹ́ fi bójú tó omi tàbí ohun mìíràn tó lè ba nǹkan jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ 17 ni kẹ́ ẹ lò.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sórí PT2262 (encoder) àti PT2272 (decoder), ti Princeton Technology, àwọn náà ará Taiwan. Òun ló wà lórí iṣẹ́ Ìyá títí dòní. Ẹsẹ̀ àdírẹ́sì rẹ̀ ní ipò mẹ́ta dípò méjì: ẹ lè so ó mọ́ ilẹ̀, ẹ lè so ó mọ́ iná, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ láìso ó mọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ ṣe àdírẹ́sì, ìyẹn á fún yín ní 6,561. Kìkì pé kẹ́ ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìso, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú ṣe máa ń ti ilé iṣẹ́ wọn wá.

PT2272 kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. L4 ń di ọ̀rọ̀ mú bíi HT12D. M4 ń jẹ́ kí dátà wálẹ̀ bí ohùn bá ti lọ. Èmi ń wá M4. Ọmọṣẹ́ mi kọ̀wé sí ara páálí tí a ń kó wọn sí: L fún iná ilé, M fún omi. Iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì, ara kan náà ni wọ́n ní, ẹsẹ̀ kan náà, bí wọ́n bá sì kó wọn pọ̀ mọ́ra nínú ọ̀rá, ojú ni ẹ máa fi ṣà wọ́n.

Ojú pàápàá kò tó. Mo ra M4 mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó, ó fi mọ́tò ránṣẹ́ sí mi ní gáréèjì Adó. Lẹ́tà ara wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, funfun báláú. Mẹ́ta nínú wọn ń di ọ̀rọ̀ mú. Ẹnì kan ti ha lẹ́tà àtijọ́ kúrò, ó tẹ tuntun sí i. Bí ẹ bá dà á síwájú iná, ẹ máa rí ojú ibi tí wọ́n ti ha, ó ń dán ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Mi ò lè sọ bóyá ẹni tó tà á fún mi ló ṣe é tàbí ẹni tó tà á fún òun náà, nítorí náà mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kàn mí ni pé ká ní mo jó mẹ́ta yẹn mọ́ pátákó láìdán wọn wò ni, iṣu á tún wẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń dán wọn wò, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má tíì mú rédíò jáde. Ẹ gbé encoder àti decoder kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fọ́ọ̀tì 5 kan náà fún méjèèjì, 4.7 MΩ sí PT2262, 820 kΩ sí PT2272. Ẹ so àdírẹ́sì wọn bákan náà. Ẹ wá fi wáyà kan tí kò gùn ju ìka lọ so ẹsẹ̀ 17 ti PT2262 mọ́ ẹsẹ̀ 14 ti PT2272, kí ọ̀rọ̀ lọ tààrà láìgba afẹ́fẹ́. Ẹ so ẹsẹ̀ dátà kan ti PT2262 mọ́ iná, ẹ so iná LED mọ́ ẹsẹ̀ kan náà lára PT2272. Ẹ fa ẹsẹ̀ 14 ti PT2262 wálẹ̀: iná gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ tú u sílẹ̀: bí iná bá kú, M4 ni. Bó bá ṣì ń tàn, ẹ gbé e sọ́tọ̀ fún iná ilé. Lẹ́yìn náà ẹ yí ẹsẹ̀ àdírẹ́sì kan padà ní ìhà kan, ẹ tún fà á wálẹ̀. Iná ò gbọ́dọ̀ tàn rárá. Ìgbà tí wọ́n bá yege níbí ni mo tó máa fi rédíò kún un, nítorí pé bí ó bá wá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló kù tí mo máa bá jà.

PT2262 ní àléébù tirẹ̀: fọ́ọ̀tì 4 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì kékeré méjì tó ń gbé HT12E kò lè gbé e. Sólà tó wà lórí tánkì Ìyá tó fún un, nítorí náà kò dí mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí rí báyìí. Lókè, ATtiny kékeré kan, áísì tí a ń kọ ètò sínú rẹ̀, ń sùn, á jí ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, á bi fúlóòtù pé ṣé omi ti lọ sílẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀, á fa ẹsẹ̀ 14 PT2262 wálẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, á tún sùn. Bí tánkì bá kún, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "pa á" mọ́ nínú gbogbo ètò náà. "Mo ṣì ń fẹ́ omi" nìkan ló kù, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un sọ kí súmò tó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ dátà M4 ń gba inú dáyóòdù kan rọ omi iná sínú kàpásítọ̀ 220 µF, rẹsítọ̀ 220 kΩ sì ń jò ó dànù díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn bá ń wọlé ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, kàpásítọ̀ kò ní gbẹ. Bí ohùn bá dákẹ́, á gbẹ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40, rìlé á já. Mo fi áísì CD40106 sáàárín kàpásítọ̀ àti rìlé kí rìlé má bàa máa gbọ̀n nígbà tí iná ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á kàn já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàá. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 yẹn tún fún wa láǹfààní mìíràn: bí mọ́tò kan bá kọjá tàbí tí ariwo bo ohùn kan tàbí méjì mọ́lẹ̀, súmò kò ní máa kú kó máa jí.

Ní ti rédíò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Mo yọ XY-MK-5V kúrò, mo fi RXB6 sí i, èyí tó mọ ìró 433 yà sọ́tọ̀ dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì wọ́n díẹ̀ sí i. Owó yẹn tọ́ sí i. Ẹ́ríà jẹ́ wáyà gbọọrọ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17.3, ní ìhà méjèèjì, lóòró, kò ká, kò sí nínú àpótí irin. Àpáta tó wà láàárín kò jẹ́ kó gbọ́ nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá súmò. Ìgbà tí mo gbé e sórí ọ̀pá tó ga tó èèyàn méjì ló bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ láìdá.

EV1527 ni ẹ̀kẹta. Òun ló kún inú àwọn rìmóòtù kékeré tí wọ́n ń tà pẹ̀lú pátákó rìlé lọ́jà báyìí. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ péré ló ní, ilé iṣẹ́ ti tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa, ọ̀nà tó sì lè gbà yàtọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Kò ní decoder tó bá a wá bí ọkọ àti aya. Pátákó tó ń gbọ́ ló ń kọ́ nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìkọ́ni tó wà lára rẹ̀. Ó rọrùn, ó mọ́, kò sí rẹsítọ̀ tí a ń bá dọ́gba. Àmọ́ iye ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn ló máa ń sọ bí rìlé ṣe máa hùwà: kó tàn ní ìwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí rẹ̀, tàbí kí títẹ̀ kan tan án kí títẹ̀ kejì pa á. Èyí ìkejì yẹn ni mo kórìíra jù. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn kò mọ̀ bóyá òun ti tan nǹkan tàbí òun ti pa á. Bí ohùn kan bá sọnù lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ á dojú rú láti ìgbà náà lọ. Fún iná ìta, ó dáa. Fún súmò, rárá.

Ẹnì kan ní Adébáyọ̀ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé kí òun fi ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí géètì òun. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn áísì yìí ń sọ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi rédíò olówó pọ́ọ́kú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè sọ ọ́ padà lóru. Fún géètì, ẹ wá èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, irú HCS301 ti Microchip. Àwọn náà ti ní ẹni tó tú àṣírí wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ HT12.

Àwọn ọmọ FUOYE, yunifásítì tó wà l'Ọ́yẹ̀-Èkìtì, tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń ní, "Àǹtí, kí la fẹ́ fi encoder ṣe nígbà tí Arduino wà?" Òótọ́ wà níbẹ̀. RadioHead, ètò tí a ń kọ sínú Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, lè fi pátákó rédíò kan náà ránṣẹ́ tó gùn ju dátà mẹ́rin lọ, á kọ́kọ́ sọ ìró ìmúrasílẹ̀ kí etí ẹni tó ń gbọ́ lè balẹ̀, á to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tí ìró àti ìdákẹ́jẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, á sì fi nọ́ńbà àyẹ̀wò sí ìparí. Bí mo bá fẹ́ mọ iye omi tó kù nínú tánkì, òun ni mo máa lò. Àmọ́ áísì ẹlẹ́sẹ̀ 18 ni mo lè fi sílẹ̀ nílé Ìyá kí ẹlòmíràn tó mọ lẹ́ẹ̀dì jó wá tún un ṣe bí mi ò bá sí nílé. Kò sí ohun tí wọ́n máa kọ sínú rẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa gbé wá. ATtiny òkè yẹn nìkan ló kù tó ń dà mí láàmú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kọ nǹkan sínú ọ̀kan sí i, mo dì í mọ́ ọ̀rá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí.

Ìyá san owó pátákó tuntun náà, mo sì dá a padà. Wọn ò gbà á. Mo fi ra iṣu.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù ni wọ́n máa ń dán an wò báyìí, láìjẹ́ pé mo rán wọn létí. Wọ́n á ní kí ọmọ kan tú omi díẹ̀ kúrò nínú tánkì títí súmò á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí ó fa wáyà bátìrì yọ lókè, àwọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á máa kà á sókè: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Lóṣù yìí wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n ń kà á lọ́wọ́, mo ń gbọ́ ariwo súmò lábẹ́ ohùn wọn. Ní ogójì ó dín kan, ariwo náà dáwọ́ dúró.

"Ó ti kú," ni wọ́n wí. "Kọ́mọ náà dá wáyà rẹ̀ padà o."